Concard, Létí Odò

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,
ṣùgbọ́n ìlú yìí ní Illinois, yíǹkì ni wọ́n wò.
Orrin àti Thaddeus Bastable ló kọ́kọ́ dé,
ọmọ ìyá kan náà, màlúù mẹ́rin, kànga kan ṣoṣo.
Wọ́n jà lórí kànga náà títí òtútù fi dé bá wọn,
wọ́n parí ìjà torí pé igi ìdáná wọn ò ju ti ilé kan lọ.
Wọ́n ní kí ibẹ̀ máa jẹ́ Concord, èyí tí í ṣe Ìrẹ́pọ̀.
Akọ̀wé ìjọba, bóyá oorun ló ń kùn ún, kọ Concard,
tí kò túmọ̀ sí nǹkan kan lédè ẹnikẹ́ni.
Ó di orúkọ. Ó ti tó àádọ́sàn-án ọdún.

Almeda Stroud ló sọ ọ́ fún mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
èmi tí wọ́n ń sanwó fún kí n máa jí i fún oògùn,
òun tó ń jí mi fún ìtàn.
Ó ní kí n má rò pé wọn ò lówó rí.
Odò yìí kún fún ìkarahun nígbà kan,
àwọn ọkùnrin á máa wọ́ irin abìkọ́ nísàlẹ̀ omi,
ilé iṣẹ́ bọ́tìnnì á ti máa pariwo láti ìdájí,
àwọn ọmọbìnrin á jókòó ti ẹ̀rọ,
wọ́n á máa lu ìkarahun níhò, roboto, roboto,
eruku funfun á bo ìpéǹpéjú wọn
bí ẹni tó darúgbó kó tó lọ́kọ.
Ìyá rẹ̀ wà lára wọn. Ìka kan rẹ̀ ò ṣeé ká títí ó fi kú.
Bọ́tìnnì Concard, ó ní, wà lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé.
Mo rántí ṣẹ́ẹ̀tì ìsìn bàbá mi nínú àpótí ní Ìlá,
bọ́tìnnì rẹ̀ tó ń dán bí èékánná ọmọ tuntun.
Mi ò sọ nǹkan kan. Ta ló lè mọ̀?

Lẹ́yìn náà ni ike dé.
Rélùwéè sì ti gba òdìkejì odò kọjá tipẹ́,
torí Bastable kan ò gbà kí wọ́n gé igi ọ́ákù rẹ̀.
Igi náà ṣì wà, ẹ̀ka kan ló kú lára rẹ̀.
Rélùwéè ti kú pátápátá.

Ìwà wọn? Lọ́dún àkọ́kọ́, mo pè é ní ìgbéraga.
Mo ń kí wọn ẹ kú àárọ̀, ẹ kú òtútù, ẹ kú ewu ọ̀nà;
ìka kan péré ni wọ́n ń gbé kúrò lórí sítíárì.
Ìka kan! Fún odidi ènìyàn àti gbogbo ará ilé rẹ̀.
Àfi òru ọjọ́ tí yìnyín sé ìlẹ̀kùn mọ́ mi:
mo jí, wọ́n ti kó o kúrò títí dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi,
ipa bàtà kan lọ, ipa bàtà kan bọ̀,
kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dúró gbọpẹ́.
Mo bèèrè káàkiri. Floyd Habecker gbójú sókè,
ó ní ó jọ pé yìnyín mìíràn ń bọ̀.

Lóṣù kẹrin, wọ́n ń pàdé ní gbọ̀ngàn onípákó,
ẹni mọ́kàndínlógójì àti kọfí kíkan,
wọ́n á fi wákàtí méjì jiyàn lórí òkúta wẹ́wẹ́
fún ọ̀nà tó lọ sílé ẹnì kan ṣoṣo.
Lọ́dún yìí, ilé Almeda ni.
Ẹnì kan ní obìnrin náà ò wakọ̀ mọ́, kí ló fẹ́ fọ̀nà ṣe?
Habecker dìde, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀.
Ó ní ọkọ̀ òkú náà ń fẹ́ ọ̀nà tó dára.
Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n nawọ́ sókè. Tọ́ọ̀nù mẹ́rìndínlógún.
Nígbà tí mo ròyìn fún Almeda, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Nígbà tí ooru dé, mo gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé láti gbin ata.
Ọkọ́ mi kan ìkarahun, òkìtì rẹ̀, gbogbo wọn oníhò.
Mo gbé ọ̀kan sójú, mo gba ihò rẹ̀ wo ìta:
Habecker ló ń wakọ̀ kọjá lórí òkúta tuntun
tí ọkọ̀ òkú kò tíì tẹ̀.
Mo gbé ìka kan sókè.